Ẹ BI BỌ̀DÁ ẸLẸ́RỌ: Réluwéè kékeré tó sùn sórí wọ́dúróòbù tí ò fẹ́ jí mọ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tèmi nílé lóko. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ka ojú ìwé yìí tipẹ́ mọ̀ pé bùlẹ́ńdà, fáànù, réédíò àti jẹnẹrétọ̀ kékeré lọ̀rọ̀ wa máa ń dá lé, àmọ́ lóṣù tó kọjá mo fi ìlà méjì péré dá ẹnì kan lóhùn lórí réluwéè ìṣeré tó ń lo iná, ni lẹ́tà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Èmi rò pé ẹni tó ní kíní yẹn ní gbogbo Èkìtì ò lè ju mẹ́ta lọ, Èkìtì tí réluwéè gidi ò dé rí! Àṣé ó wà lórí wọ́dúróòbù, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wà nínú àpótí ẹrù London, ó kàn sùn ni. Torí náà òun nìkan la ó sọ lónìí, ẹni tó bi mí nípa fíríìjì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi dìgbà míì.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀: tí mo bá pe mọ́tọ̀, kì í ṣe mọ́tò tí wọ́n ń wọ̀ lọ Àkúrẹ́ o, mọ́tọ̀ iná ni, irú èyí tó wà nínú fáànù àti bùlẹ́ńdà, tìhín kàn kéré tó àtàǹpàkò ni.

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Tísà tó ti fẹ̀yìntì ni mí, Adó ni mò ń gbé. Ọmọ mi tó wà ní London ló fi réluwéè kékeré kan ránṣẹ́ sí wa ní 2011, Hornby ni wọ́n kọ sára páálí ẹ̀. A fi ṣeré títí nígbà náà, ó wá di pé àwọn ọmọ lọ síléèwé, mo dì í padà sínú páálí, mo ta àdí díẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀ kó má baà dípẹtà, mo gbé e sórí wọ́dúróòbù. Ọmọ ọmọ mi wá lo họlidé ló rí i. A tò ó sílẹ̀, a tan iná, ó kàn ń kùn bí oyin ni, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Mo yí iná ẹ̀ dé òpin, ńṣe ló ń gbóná. Ṣé ó ti kú ni?

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú orí ire ọmọ ọmọ o. Kò tíì kú, ká ní ó ti kú ni, kò ní í kùn. Kíkùn yẹn túmọ̀ sí pé iná dé ọ̀dọ̀ mọ́tọ̀, mọ́tọ̀ náà sì fẹ́ yí, nǹkan kan ló dì í mú. Àmọ́ mo bẹ̀ yín, iná tẹ́ ẹ yí dé òpin yẹn, ẹ má dán an wò mọ́. Mọ́tọ̀ tí kò rí ọ̀nà yí máa ń fa iná ju èyí tó ń yí lọ, iná ọ̀hún ò sì rí iṣẹ́ ṣe, ooru ló ń dà, ooru yẹn ló máa wá jó ọ̀dà tí wọ́n fi bo wáyà kọ́ìlì inú ẹ̀, tíyẹn bá sì ti jó, ká ra mọ́tọ̀ míì ló kù.

Ohun tó dì í mú, Bàbá, ẹ má bínú, ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀. Àdí! Àdí dáa fún ara ọmọ tuntun, kò dáa fún gíà. Òróró tí èèyàn ń jẹ àti àdí, bí wọ́n bá ti pẹ́ nínú afẹ́fẹ́, ńṣe ni wọ́n ń di gọ́ọ̀mù, ẹ wo ẹ̀yìn síìtóòfù tí wọ́n fi ń dín dòdò, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí. Kì í sì í ṣe àdí nìkan, ọ́ìlì àti gírísì tí wọ́n fi sí i nílé iṣẹ́ gan-an, tí kò bá yí fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tó fẹ́lẹ́ nínú ẹ̀ á fò lọ, èyí tó kù á le bí oje igi, eruku ọyẹ́ á wá lọ bá a níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ìyá yín ní máṣíìnì ìránṣọ tí wọ́n pa tì sí kọ̀rọ̀, ẹ yí wíìlì ẹ̀ wò.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é rè é. Ẹ yọ ọ́ kúrò lórí réèlì, ẹ da ojú ẹ̀ dé sórí tówẹ́ẹ̀lì tó rọ̀, ẹ wá súkúrù tó so ara ẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, ó lè jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì, àwọn míì ò ní súkúrù rárá, ẹ̀gbẹ́ ike ló fi eyín há ara wọn, kẹ́ ẹ rọra fi èékánná là á. Gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá dé kí ọmọ ọmọ yín máa fi fóònù ya fọ́tò, torí yíyọ ò ṣòro, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni kì í sí lórí èèyàn mọ́. Kẹ́ ẹ sì gbé àwo funfun ńlá sábẹ́ ọwọ́ yín. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé sípíríǹgì kan wà tó ń ti káábọ̀nù mọ́tọ̀, ìyẹn ẹyọ dúdú kékeré tó ń gbé iná fún mọ́tọ̀, sípíríǹgì náà dà bíi ti inú báírò àmọ́ ó kéré sí i gan-an, fífò ni tiẹ̀. Tèmi fò lọ́jọ́ kan, mo wá a títí mo sú, mo ní kí n mu gààrí mi jàre, àárín eyín mi ló ti dún kọ́!

Tẹ́ ẹ bá ti ṣí i, ẹ má fipá yí wíìlì o. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí gíà kan wà lórí ọ̀pá mọ́tọ̀ tó dà bíi súkúrù, mọ́tọ̀ lè fi yí wíìlì, wíìlì ò lè fi yí mọ́tọ̀, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kódà kó jẹ́ tuntun. Ẹni tó bá ń fipá yí wíìlì, eyín gíà ló máa ká. Ọ̀pá mọ́tọ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ fi ìka yí, síwá sẹ́yìn, jẹ́jẹ́. Tó bá le gbagidi, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ lọ bá àwọn tó ń tún fóònù ṣe, ẹ ní kí wọ́n ta isopropyl alcohol fún yín, èyí tó tó 90 nínú 100 sókè. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó àti òwú tí wọ́n fi ń nu etí fọ gbogbo gíà náà títí tí dúdú ò fi ní í yọ mọ́. Ẹ má lo pẹtiróòlù. Ẹ má lo tínà rárá, tínà á yọ́ ike, á bó ọ̀dà, mo ti rí ẹ́ńjìnnì aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n fi tínà fọ̀, àfi bí àkàrà tó jóná. Tó bá ti gbẹ, ẹ wá ta ọ́ìlì sí i, ibi tí mò ń bọ̀ nìyí o, ẹ̀kán kan ṣoṣo tó dúró lórí abẹ́rẹ́, níbi tí ọ̀pá mọ́tọ̀ ti wọ ihò lọ́tùn-ún lósì, àti ibi tí ọ̀pá wíìlì ti ń yí. Gírísì fẹ́ẹ́rẹ́ ní ti gíà. Ọ́ìlì máṣíìnì ìránṣọ tó mọ́ lè ṣe é, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ sí i pé kì í ba ike jẹ́, ẹ ra ìyẹn. Ọ́ìlì ọkọ̀ ti ki jù. Kẹ́ ẹ tó pa á dé ẹ gbé e sórí réèlì, ẹ fún un ní iná díẹ̀, kó yí síwájú fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó yí sẹ́yìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó má fa kọ́ọ̀ṣì kankan.

Tó bá wá ń lọ ṣùgbọ́n tó ń tiro, tó ń dún kọ́-kọ́-kọ́ ní gbogbo ìgbà tí wíìlì bá yí ká lẹ́ẹ̀kan, ẹ wo gíà ike tí wọ́n tì mọ́ ọ̀pá irin, á ti sán. Ike ń sún kì, irin ò sún, ni ike bá là. Gọ́ọ̀mù kì í fi bẹ́ẹ̀ mú irú ike yẹn, ẹ má fàkókò ṣòfò lórí ẹ̀, kí ọmọ yín ní London ra gíà náà wá, ó kéré débi pé ó lè wọ inú ẹ́ńfílọ́ọ̀pù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá. Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé. Ọkọ mi tó ti sùn ló fẹ́ràn réluwéè yìí, ó tò ó sórí pákó ńlá kan ní palọ, látìgbà tó ti lọ ni mo ti fi aṣọ bò ó, ọdún kẹfà rè é. Ọmọ mi tan án lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó máa lọ ìwọ̀nba, á dúró. Tí a bá fi ìka tì í díẹ̀, á tún lọ. Iná iwájú ẹ̀ ń ṣẹ́jú. Mi ò fẹ́ kó bàjẹ́, ẹ bá mi wò ó.

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ara fẹ́ra kù o, Ọlọ́run á máa dúró tì yín. Tiyín rọrùn ju ti Bàbá lọ, ẹ ò ní í ṣí nǹkan kan fún ìgbà àkọ́kọ́. Ohun tẹ́ ẹ bá fi ìka tì tó tún lọ, iná ni kò dé ibẹ̀ déédéé, bí iná iwájú ṣe ń ṣẹ́jú yẹn sì jẹ́rìí sí i. Ọ̀nà tí iná ń gbà nínú kíní yìí gùn o: láti sókẹ́ẹ̀tì wọ kọntiróólà tẹ́ ẹ fi ń yí iná ẹ̀, kọntiróólà á sọ ọ́ di nǹkan bí fólítì 12, á gba réèlì méjèèjì, wíìlì á gbé e, ahọ́n irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń fara kan ẹ̀yìn wíìlì á gbà á, á gbé e fún káábọ̀nù, káábọ̀nù á gbé e wọ mọ́tọ̀. Ibi kan péré tó bá dọ̀tí, ó parí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí réèlì. Tó bá jẹ́ réèlì tó ń dán bíi fàdákà, wọ́n ń pè é ní nickel silver, kò sí fàdákà kankan nínú ẹ̀ o, bàbà, níkẹ́lì àti síńkì ni, kì í dípẹtà bí irin àmọ́ ojú ẹ̀ ń ṣú. Ẹ wá írésà líle tí wọ́n fi ń pa báírò rẹ́, ẹ fi pa orí réèlì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kẹ́ ẹ wá fi aṣọ tó ní alcohol díẹ̀ nù ún. Sáńpépà? Rárá o. Sáńpépà á yára mú un mọ́ lóòótọ́, àmọ́ á ha á, inú ibi tó ha yẹn ni ìdọ̀tí á tún ti máa kó jọ, lọ́sẹ̀ méjì ẹ ó tún padà síbẹ̀. Tí réèlì bá jẹ́ irin tó sì ti dípẹtà wọnú, ẹ pààrọ̀ ibi tó burú.

Wíìlì ló kàn, èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ rẹ tíṣù pépà sínú alcohol díẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ dábùú orí réèlì méjèèjì. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì náà kí wíìlì ìdajì ẹ̀ wà lórí pépà, kí ìdajì tó kù wà lórí réèlì lásán níbi tá á ti máa gba iná. Ẹ di ara ẹ̀ mú, ẹ tan iná díẹ̀. Wíìlì orí pépà á máa yí lójú kan, á máa nu ara ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ wo dúdú tó máa kù sórí pépà yẹn, ẹ ó pariwo. Ẹ yí i padà, ẹ ṣe ìdajì kejì.

Tẹ́ ẹ bá rí wíìlì tí wọ́n fi rọ́bà yí ká, ìyẹn kì í gbé iná, kó má baà yọ̀ ni wọ́n ṣe fi rọ́bà sí i. Rọ́bà náà sì máa ń gan lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, tó bá ti sán ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ fi òmíì sí i. Lẹ́yìn gbogbo èyí tó bá ṣì ń dúró, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dojú ẹ̀ dé, ẹ wo àwọn ahọ́n irin yẹn lẹ́yìn wíìlì, bóyá ọ̀kan ti tẹ̀ kúrò lára wíìlì. Ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ fà á padà kó kàn án fẹ́ẹ́rẹ́, tó bá tẹ̀ mọ́ ọn jù yóò di bíréèkì. Kí ọmọ yín ṣe ibẹ̀ yẹn, ojú ọmọdé ló mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Sítúdẹ́ǹtì ni mí l'Ọ́yẹ̀ẹ́, mo ra ẹ́ńjìnnì kan tó ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, kò ṣiṣẹ́, mo wá fọ́n WD-40 inú agolo sí i dáadáa, ara ẹ̀ rẹ̀ṣọ̀ṣọ̀. Sà, ó sáré bíi mànàmáná fún ìṣẹ́jú méjì! Látìgbà náà kò tún mira mọ́. Kí ni mo ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, o fi omi wẹ ẹja ni. WD inú orúkọ yẹn, lílé omi kúrò ló túmọ̀ sí, 40 sì ni ìgbà ogójì tí wọ́n dán an wò kó tó ṣe é ṣe, ní San Diego, l'Amẹ́ríkà, ní 1953. Kó lé omi lára irin ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Ó yọ́ gọ́ọ̀mù tó wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ lóòótọ́, òun ló jẹ́ kó sáré, àmọ́ ó gbé gọ́ọ̀mù náà àti eruku káábọ̀nù lọ dà sójú kọ́mútétọ̀.

Ṣó o ti ṣí bùlẹ́ńdà màmá rẹ rí? Bàbà rogodo kan tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ tí káábọ̀nù méjì ń gùn lójú, òun ni kọ́mútétọ̀. Àlàfo tó wà láàárín wẹ́wẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ mọ́ nítorí iná ò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Eruku káábọ̀nù ń gbé iná, bí ọ́ìlì bá pò ó, á di bí ẹ̀kọ nínú àlàfo yẹn, iná á máa gba ibi tí kò yẹ, mọ́tọ̀ á dákú. Torí náà: yọ káábọ̀nù méjèèjì, fi alcohol àti òwú nu kọ́mútétọ̀ títí tó fi máa dán bíi yẹtí tuntun, lẹ́yìn náà ṣẹ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, gbẹ́ ẹnu ẹ̀ kó ṣe ṣóńṣó, fi wa àlàfo kọ̀ọ̀kan. Ìgbálẹ̀ ni mo wí o, má lo abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ á ha bàbà. Fi alcohol nu káábọ̀nù náà, tó bá ti jẹ débi pé sípíríǹgì ń fẹ́ kan kọ́mútétọ̀, pààrọ̀ ẹ̀.

Kó o tó pa á dé, ra bátìrì fólítì 9, olórí méjì tó dà bí bíríkì kékeré. Fi wáyà méjì gbé e kan ibi tí káábọ̀nù wà, tó bá yí, mọ́tọ̀ ti dáa. Wá gbé e kan wíìlì ọ̀tún àti ti òsì, tí kò bá yí níbẹ̀, àárín wíìlì sí mọ́tọ̀ ni àìsàn wà, lọ ka ìdáhùn Màmá Ìkẹ́rẹ́ lókè. Ohun kan ṣá: tó bá jẹ́ èyí tó ní pánẹ́ẹ̀lì kékeré eléètírónííkì nínú, tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà tàbí rìmóòtù darí, tú wáyà mọ́tọ̀ kúrò lára pánẹ́ẹ̀lì náà kó o tó fi bátìrì kàn án, kó o má lọ sun pánẹ́ẹ̀lì tó wọ́n ju ẹ́ńjìnnì lọ.

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá, Ìjerò ni mo wà. Nínú ẹrù tòkunbọ̀ ni mo ti rí ẹ́ńjìnnì Märklin kan, ó wúwo, ó rẹwà. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé e sórí réèlì mi, kọntiróólà á kú pátápátá. Tí mo bá gbé e kúrò, á jí. Ó ti pẹ́ nílẹ̀ ni àbí?

ÌDÁHÙN: Kò sí nǹkan tó ṣe é, ilé ẹlòmíì lo gbé e lọ. Àwọn ará Jámánì tó ń ṣe Märklin ń fún ẹ́ńjìnnì wọn ní iná láti àárín réèlì, wo abẹ́ ẹ̀, wàá rí irin gígùn kan tó dà bíi síkíì, òun ló ń ha àárín yẹn. Wíìlì ọ̀tún àti ti òsì wá so pọ̀ mọ́ra, kò sí ike tó pín wọn. Réèlì tìẹ, iná kan lọ́tùn-ún, ìkejì lósì. Bó o ṣe gbé e lé e lo ti so méjèèjì pọ̀, ó ṣọ́ọ̀tì, kọntiróólà rẹ sì gbọ́n, ó pa ara ẹ̀. Wá réèlì Märklin tàbí kó o gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n kó máa wò ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Láti Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Ẹ́ńjìnnì bàbá mi àgbà, ti ayé Gẹ̀ẹ́sì, a ṣí páálí ẹ̀, irin abẹ́ ẹ̀ ti wú, ó ti sán káàkiri, ibi tí mo di mú fọ́ sí mi lọ́wọ́ bí bísíkíìtì. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Àǹtí mi ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe lásán, pé ayé ni.

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi kí Àǹtí, ẹ ní kì í ṣe ayé, síńkì ni. Irin tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù fún nǹkan ìṣeré láyé ọjọ́un, síńkì ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, tí òjé bá sì ti bá a pò, kódà kó kéré, irin náà á máa jẹ ara ẹ̀ láti inú wá, díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, á wú, á sán, á fọ́. Ọ̀rinrin àti ooru ń mú un yára. Kò ní oògùn, gọ́ọ̀mù ò ràn án, ọ̀dà ò ràn án. Ẹ yọ wíìlì, mọ́tọ̀ àti ara rẹ̀ tó ṣì dáa kúrò lórí ẹ̀ kó tó wú débi tá á fi tẹ̀ wọ́n. Mọ́tọ̀ àtijọ́ yẹn, tó bá ní mágínẹ́ẹ̀tì ńlá tó ṣí sílẹ̀ síta, ẹ má fa kọ́ìlì jáde láàárín ẹ̀ láìfi irin míì dí àyè ẹ̀, torí mágínẹ́ẹ̀tì ìgbà yẹn máa ń rọ tí irin bá kúrò lẹ́nu ẹ̀, tó bá sì ti rọ, mọ́tọ̀ á máa gbóná, kò ní í lágbára. Mo kẹ́dùn o. Irú èyí dùn mí ju kí mọ́tọ̀ jóná lọ.

ÌBÉÈRÈ: Sà, Ìyìn. Ẹ̀gbọ́n mi mú tiẹ̀ bọ̀ láti Houston, ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kó tó dì í. Bí mo ṣe kì í bọ sókẹ́ẹ̀tì, pàù! Èéfín.

ÌDÁHÙN: Iná Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bíi fólítì 120, ti wa lé ní 220. Réluwéè ẹ ò ṣe nǹkan kan, ẹ̀rọ ara ògiri yẹn ló kú. Ra kọntiróólà tí wọ́n kọ 220 sí 240 sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ INPUT, tí ohun tó ń jáde sì bá ti àtijọ́ mu. Èyí tí wọ́n ń lò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá iná wa mu láìsí tíráńsífọ́mà. Kó o sì yọ ọ́ kúrò lára iná nígbà tí NEPA bá mú un lọ, bí wọ́n ṣe máa ń dá a padà yẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ, ọmọ ọdún méjìlá ni mí, Ìkọ̀lé la wà. Dádì mi ti tún réluwéè mi ṣe, ó ń lọ. A máa wọlé síléèwé láìpẹ́, báwo ni mo ṣe máa tọ́jú ẹ̀ tí kò fi ní í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́? Ìbéèrè kejì, kí ló dé tí kò sí réluwéè l'Ékìtì?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi dáadáa, o ṣeun tó o bi mí. Má gbé e sí àjà, abẹ́ páànù gbóná jù. Má fi fóòmù dì í mọ́ra, fóòmù tó bá pẹ́ ń yọ́, á lẹ̀ mọ́ ọ̀dà ara ẹ̀. Pépà rírọ̀ funfun ni kó o fi wé e, kó o tò ó sínú àpótí tó ní ìdérí, kó o sì kó àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sí i, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ká má jẹ ẹ́ yẹn, ó ń fa ọ̀rinrin. Tí bátìrì bá wà nínú èyíkéyìí, yọ ọ́, bátìrì ń ṣu. Nígbà họlidé kọ̀ọ̀kan kó o gbé e jáde, kó yí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá síwájú, mẹ́wàá sẹ́yìn, ìyẹn wúlò ju gbogbo ọ́ìlì tó wà ní Ọjà Ọba lọ.

Ní ti ìkejì: wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Èkó ní 1896, ó dé Ìbàdàn ní 1901, wọ́n wá gbà á lọ sí Òṣogbo, Ọ̀ffà, Ìlọrin, Jẹ́bà, títí dé òkè Ọya, ó gba ìwọ̀ oòrùn wa kọjá, kò yà sọ́dọ̀ wa. Ojú irin àtijọ́ yẹn, mílímítà 1,067 ló wà láàárín réèlì méjèèjì. Tuntun Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021 jẹ́ 1,435. Fi rúlà wọn tìẹ, tó bá jẹ́ OO tàbí HO, ìyẹn ìwọ̀n réluwéè ìṣeré tó wọ́pọ̀, 16.5 lo máa bá. Lẹ́yìn náà lọ jókòó ti bàbá rẹ àgbà tí wọ́n bá jẹ uyán tán, kó o bi wọ́n pé nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ibo lẹni tó bá fẹ́ wọ réluwéè láti ìlú yín ti ń lọ wọ̀ ọ́.